Fọ́tò Aago Méje

Aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Mo pọn ọmọ wa. Ó ti sùn fọnfọn.

Ọkọ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àlejò. Dókítà ológun ni, àwọn àrùn tó ń ràn ló ń ṣèwádìí. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan gún un lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kó dá wà nínú yàrá, kí n máa ya tẹmómítà ní fọ́tò láràárọ̀, kí n fi ránṣẹ́. Bí ara rẹ̀ bá fi lè gbóná kọjá méjìdínlógójì, wọn á wá gbé e.

Ẹni tí wọ́n gbé kẹ́yìn, bàtà rẹ̀ nìkan ni wọ́n dá padà fún ìyàwó.

"Ìyá ọmọ mi," ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "ṣé wọ́n ti ń bọ̀? Àbí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn?"

"Wọ́n ti wà lọ́nà. Ẹ fara balẹ̀."

Fóònù dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni.

"Ìyàwó wa, fọ́tò òní dà? Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, ara ò gbóná! Ọkọ ẹ ti fẹ́ bọ́."



Láti ọjọ́ karùn-ún ni ara ọkọ mi ti ń jó bí iná. Ó ní kí n pè wọ́n, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Bó bá ti sùn, mo máa ń yọ́ wọlé lọ fi omi tútù nù ún lára.

Abíyá tèmi ni mo ń ki tẹmómítà bọ̀ kí n tó yà á.

Mo fà á yọ lábíyá mi báyìí.

Mọ́kàndínlógójì.

Mo tú ọ̀já ọmọ, mo sì gbé e sọ́wọ́.

Ta ni mo fẹ́ gbé e fún?