Ìbéèrè Tí Aránṣọ Kò Dáhùn

Àwọn obìnrin ìjọ ti fẹnu kò: aránṣọ ni wọ́n fẹ́ ní olórí wọn. Ó kù kí ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pè é wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ, níbi tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti ṣẹ́ sí. Aránṣọ fẹ́ iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ọkọ, àwọn opó tó ń kọ́ ní ìránṣọ nìkan ló ń mú un rẹ́rìn-ín.

Alága ní kí wọ́n wá àga tó ní ibi ìgbọ́wọ́lé fún un, torí apá òsì aránṣọ kì í nà tán. Lẹ́yìn náà alága wolẹ̀, kò sì gbójú sókè mọ́.

Akọ̀wé ló ń bi í léèrè. Tíṣà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fẹ̀sùn kan ìwà aránṣọ. Ìyàwó òun gan-an ti kìlọ̀ fún òun kóun tó kúrò nílé pé aránṣọ ni kóun fọwọ́ sí. Àwọn alàgbà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹni tó kọ ọkọ sílẹ̀, ó ní, báwo ló ṣe fẹ́ máa gba àwọn ìyàwó ilé nímọ̀ràn?

Aránṣọ ní tóun bá dúró nílé yẹn, òkú òun ni wọn ì bá gbé jáde.

Akọ̀wé ní, “A ti gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ ní ẹnìkan ló wá mú ẹ jáde. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló tú ilé yín ká, ẹ̀bi ò sí lọ́rùn rẹ, a ó sì fọwọ́ sí i lónìí. Ta ni?”

Gbogbo wọn mọ òfin ìjọ: ẹni tó bá mú ìyàwó jáde nílé ọkọ kò gbọdọ̀ di ipò kankan mú mọ́ títí ayé. Aránṣọ gbọ́ orin àwọn opó tó ń dúró dè é níta. Orúkọ kan péré ló kù kó dá. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn.

“Mi ò lè sọ ọ́, sà.”

“Ṣé àlè ni?”

Ó mi orí pé rárá. Àwọn alàgbà wo alága tàánú-tàánú.

“Òfin lòfin,” ni alága wí láì gbójú sókè. “Ẹ fi ẹlòmíì sí i.”

Àwọn alàgbà yin alága bí wọ́n ṣe ń jáde, pé kì í ṣojúsàájú. Aránṣọ sunkún títí ìlẹ̀kùn fi pa dé.

Alága ò lè dìde, ni aránṣọ bá fi apá ọ̀tún dì í mú, ó ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé pé ẹ̀yin lẹ wá gbé mi jáde.”