Ọ̀já Phulmaya

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má tú ọ̀já mi!" Phulmaya ké lábẹ́ igi tó gùn láti gé ewé fún ewúrẹ́, tó sì já bọ́ látorí rẹ̀.

"Egungun ìbàdí rẹ ló fọ́. Bí a ò bá tú ọ̀já ikùn rẹ yìí, ká fi dì í pinpin, ẹ̀jẹ̀ inú ni yóò pa ọ́."

"Jẹ́ kí wọ́n tú u, jàre!" ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. "Ọdún kejì rèé tí ọkọ rẹ ò tíì wálé láti ilẹ̀ Kátà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé òkú lo fẹ́ kó wá bá?"

Nọ́ọ̀sì tú u. Ikùn Phulmaya yọ síta, róbótó bí òṣùpá.

Kíá, nọ́ọ̀sì yí ọ̀já náà mọ́ ìbàdí, ó na etí kan sí ìyá ọkọ. "Ìyá, ẹ bá mi fà á! Mi ò lè dá a fà."

Ìyá ọkọ káwọ́ sẹ́yìn. Etí ọ̀já bọ́ sínú erùpẹ̀.