Ṣímínì Ẹ̀gbẹ́ Ilé

Bí Làtíìfù bá ti dáná sínú sítóòfù onígi tó wà ní pálọ̀, èéfín á yíjú padà, á sì kún inú ilé. Ilé tó gbẹ̀yìn lójú títì wọn ní Peckham, nílùú òyìnbó, ni. Ara ògiri ìta ni ṣímínì tí èéfín ń gbà jáde wà. Ó kúrú ju góńgó òrùlé lọ, atẹ́gùn sì máa ń ti èéfín rẹ̀ padà sísàlẹ̀.

Àlájà Kúbúrá, ìyá Làtíìfù, ló ń jókòó ti iná náà jù. Ó ti ta ilé rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn kí wọ́n lè fi ra èyí. Kò níbi tó máa padà sí. Láti ìgbà tó ti dé, orúnkún kì í jẹ́ kó jáde, àfi tí wọ́n bá fi mọ́tò gbé e lọ sí mọ́sáláṣí.

Peckham ni wọ́n bí Sẹ̀gilọlá, ìyàwó Làtíìfù, sí. Àlájà ló kọ́ ọ pé a kì í pe àgbà ní "ó". "Wọ́n" là ń wí, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn wọn la ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ náà sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àlájà gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù ní kíṣìnnì.

"Wọ́n ti gbó, sir. Níbi tí wọ́n wà yìí, ilé ò rọgbọ. Ẹ bá wa gbé wọn kúrò kí òtútù tó dé. Catford ò kúkú jìnnà."

Àlájà kò fẹnu kan oúnjẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dúró de Sẹ̀gilọlá lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Ìyàwó, ta lẹ fẹ́ gbé lọ sí Catford? Sọ ọ́ lójú mi. Èéfín ni ìwà, rírú ní í rú."

Sẹ̀gilọlá fi ṣíbí sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Háà, Mummy! Àwọn ṣímínì ni mò ń sọ o! Catford ni ẹni tó máa tún wọn ṣe wà."

"Ṣímínì lò ń pè ní 'wọ́n'?"

"Wọ́n pọ̀ ni, Mummy. Àbí kí n pè wọ́n ní 'ó'?"

Àlájà náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́hun á jẹ́ kí o jèrè ọmọ," ó ní. Ó sọ fún Làtíìfù pé "wọ́n" tí òun kọ́ ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ pa òun. Làtíìfù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Babátúnjí tó ń tún sítóòfù àti ṣímínì ṣe fi dé. Ó ní ògiri ìta tutù jù, èéfín tó bá sì ti tutù kò ní agbára àtigòkè. Ó fi páìpù mú ṣímínì náà gùn sí i títí ó fi ga ju góńgó òrùlé lọ, ó sì wé e kí òtútù má baà mú un. Wọ́n dáná. Pálọ̀ mọ́ kedere.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Àlájà kí i. "Ẹ kú ọ̀nà Catford."

"Catford kẹ̀, Mummy? East Dulwich níbí ni mò ń gbé. N ò níṣẹ́ kankan ní Catford."

Àlájà mú ọ̀pá rẹ̀. Ó rọra jáde, ó sọdá títì, ó yíjú padà, ó sì gbójú sókè wo òrùlé ilé ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Èéfín ń lọ tààrà sójú ọ̀run láti ẹnu ṣímínì kan ṣoṣo tí ilé náà ní.