Bíréèkì Tó Ju Ẹ́ńjìnnì Lọ

Ó pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀ kí Tíṣà tó wa ọkọ̀ eré pupa kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sípánà. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ni Tíṣà ti ń kọ́ni. Ọkọ̀ wíwà ló ń kọ́ àwọn ènìyàn láti ọdún mọ́kànlélógún, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí pé ọkọ̀ rẹ̀ ha ògiri, kí a má tilẹ̀ sọ pé ó gbá ènìyàn.

Ìyá Sípánà fi àkísà nu ọwọ́. Ó mọ ohun tó gbé e wá. Gbogbo ẹni tó ń lọ sí pápá eré ọkọ̀ ló mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fúùfù ló fi ọkọ̀ ti àbúrò Tíṣà dànù ní kọ́nà kejì, tí ọkọ̀ ọmọ náà fi takìtì. Ìgbìmọ̀ pápá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní eré ni, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ẹ̀fúùfù gba ife lọ́jọ́ yẹn, ó sì rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Láti ìgbà náà ni inú Tíṣà kò ti rọ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún un pé bóyá àmúwá Ọlọ́run ni, Tíṣà ní kó bọ́ọ́lẹ̀ láàárín títì, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Ìyá Sípánà ní, “Bí o bá wá kí n fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, máa wa ọkọ̀ rẹ lọ. Èmi ò ní kan pósí fún ọmọ ìyá méjì.”

“Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, Ìyá. Bíréèkì ni mo bá wá, àti ṣọ́ọ̀kì.”

Ó ya ìyá náà lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti ń tún ọkọ̀ eré ṣe, agbára làwọn ọkùnrin máa ń bèèrè. Ọsibítù ni wọ́n ti máa ń rántí bíréèkì. Ó ṣí géètì fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì àtijọ́, wọ́n fi èyí tó le sí i. Tíṣà ní kí ti iwájú le ju ti ẹ̀yìn lọ, kí imú ọkọ̀ má baà dọ̀bálẹ̀ nígbà tí òun bá tẹ bíréèkì, kí ọkọ̀ má sì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Wọ́n fi díìsìkì bíréèkì tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú páàdì tó ń di díìsìkì mú, tí ooru kì í mú yọ̀. Ó ní kí wọ́n jó irin mọ́ ẹ̀yìn àga òun, kó nípọn ní ìlọ́po méjì èyí tí òfin pápá bèèrè.

Páàdì tuntun kì í di nǹkan mú àfi tí a bá kọ́ ọ. Tíṣà wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà àtijọ́, ó sáré, ó tẹ bíréèkì, ó jẹ́ kó tutù, ó tún tẹ̀ ẹ́, ní ìgbà ọgbọ̀n. Nígbà tó dé, ó ní kò tíì tó.

Ọ̀rọ̀ náà bí Ìyá Sípánà nínú. “Kí ni kò tó? Kò sọ́kọ̀ kan ní pápá yẹn tó lè dúró kíá tó èyí.”

“Ti Ẹ̀fúùfù ńkọ́?”

“Ẹ́ńjìnnì nìkan nìyẹn mọ̀. Ìwọ á ti dúró tán, òun á ṣì máa yọ̀ lọ.”

“Ó ti tó nìyẹn, Ìyá. Ẹ ṣé.”

Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó Tíṣà wá bá àwọn méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìbínú, tí kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bi Ìyá Sípánà bóyá opó ló fẹ́ sọ òun dà. Ìyá náà fà á lọ́wọ́, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ní ọkọ rẹ̀ kò fi ohun kan ṣoṣo tí yóò mú ọkọ̀ náà sáré kún un. Obìnrin náà fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn àga. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ wò mí lójú. Ṣé ẹ ò ní lé ọkùnrin yẹn?”

“Mi ò ní lé e.”

“Ṣé ẹ ò ní fọkọ̀ gbá a?”

“Mo fi ibojì àbúrò mi búra fún ọ, mi ò ní fọkọ̀ mi gbá a.”

Ó gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti jọ wà, kò parọ́ fún un rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Ẹ̀fúùfù wá dúró níwájú ọkọ̀ pupa náà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Tíṣà, wọ́n ní bíréèkì lo lọ fi sí i. Ṣé o fẹ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń páàkì ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà dé akoto rẹ̀, ó sì wọ inú ọkọ̀.

Òfin pápá ni pé ẹni tó gba ife ní ìdíje tó kọjá ló ń gbéra kẹ́yìn, ẹni tuntun ló sì ń gbéra ṣáájú gbogbo wọn. Ẹ̀fúùfù sì bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn awakọ̀ yòókù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Tíṣà nìkan níwájú rẹ̀. Lórí àga àwọn òǹwòran, ìyàwó Tíṣà di Ìyá Sípánà lọ́wọ́ mú.

“Kó jẹ́ kí Ẹ̀fúùfù kọjá,” ìyàwó ń wí. “Kó ṣáà jẹ́ kó kọjá.”

“Fọkàn balẹ̀,” Ìyá Sípánà dá a lóhùn. “Ọkọ rẹ ò lé ẹnikẹ́ni.”

Ní ìyípo kẹrin, níbi tí ọ̀nà ti tọ́ tí kò sì sí ohunkóhun níwájú rẹ̀, Tíṣà wo dígí tó ń fi ẹ̀yìn hàn án títí imú ọkọ̀ Ẹ̀fúùfù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn tirẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti irin àga rẹ̀ gbágbá, ó sì fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì.