Omi Kànga Tí Làsísì Fọwọ́ Sí

Ẹ fara balẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má fo ibì kankan o, torí ibi téèyàn bá fò gan-an ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ máa ń wà.

1.
Láyé Sáàpù, nígbà tí ṣọ́jà ń ṣèjọba, tí àwọn ìyá wa ń ti wàrà alágolo mọ́ inú àpótí bíi góòlù, Làsísì àti Kàsúmù jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò omi kan ní Ìlúpéjú. Poli kan náà ni wọ́n jọ jáde. Táì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ fi wáṣẹ́: Kàsúmù wọ̀ ọ́ láàárọ̀, Làsísì wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa góòlù nínú igbó, ìrìn ọjọ́ méjì sí Ìkẹjà, wá ní àwọn ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ omi àti ilẹ̀ ibẹ̀, kí oògùn tí wọ́n fi ń fọ góòlù má bàa pa èèyàn. Àwọn méjèèjì ló kọ̀wé, Kàsúmù ni wọ́n mú. Làsísì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò kọjá eyín.

2.
Nígbà tí Iléyá dé, Kàsúmù gbé iṣu àti òyà gbígbẹ wá sílé Làsísì ní Agége. Láídé, ìyàwó Làsísì, wo ẹsẹ̀ àlejò.

"Bàbá Nusrat, ẹ ò rí bí bàtà Kàsúmù ṣe ń dán!"

Kàsúmù mi orí. "Ìyàwó wa, ẹ má wo bàtà. Àkekèé ń sùn nínú rẹ̀. Kò síná, kò sí omi ẹ̀rọ. Kànga kan ṣoṣo la ní, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí i."

Gbogbo ohun tí Kàsúmù kà sí ìyà, ìṣògo ni Làsísì gbọ́. Àní àkekèé gan-an: tirẹ̀ tiẹ̀ tún ń sùn nínú bàtà tuntun! Ó jẹ òyà náà tán, ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

3.
Kò pẹ́ sígbà náà ni ìgò omi kan dé sí ilé àyẹ̀wò láti ibùdó tí Kàsúmù wà. Wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ dí ẹnu rẹ̀. Létà wà lára rẹ̀: "Làsísì, fọwọ́ ara rẹ yẹ eléyìí wò. Omi kànga tí à ń mu ni. Mo ní kí wọ́n tì í, ọ̀gá ní àfi tí àbọ̀ bá ti Èkó dé. Ìwọ ni mo fọkàn tán."

Làsísì jókòó ti ìgò náà. Bí omi yìí bá burú, Kàsúmù á di akọni. Bó bá mọ́, aláriwo lásán ni. Ta ni wọ́n á wá fi rọ́pò aláriwo?

Ó da omi náà sínú síǹkì, ó ṣí ẹ̀rọ omi Ìlúpéjú. Ẹ wá wò ó o: ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi omi ẹ̀rọ ṣan ìgò náà kó tó rọ ọ́ kún, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní poli. Ìkà tó mọ ìlànà iṣẹ́! Ó yẹ omi ẹ̀rọ wò, ó kọ ọ́ pé: "Omi kànga yìí dára fún mímu." Ó fọwọ́ sí i.

Lóṣù kejì, wọ́n lé Kàsúmù pé ó ń dẹ́rù ba òṣìṣẹ́. Wọ́n fi Làsísì rọ́pò rẹ̀.

4.
Kàsúmù fi ọ̀rá gbé bàtà rẹ̀ wá.

"Wọ̀ ọ́, ejò pọ̀ níbẹ̀. Làsísì, omi yẹn… ṣé lóòótọ́ ló mọ́?"

"Ó mọ́ bí ojú."

"Alhamdulillah. A jẹ́ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Bàtà náà bá a mu rẹ́gí.

5.
Bí Làsísì ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó, nǹkan àkọ́kọ́ tó rí ni ìwé tirẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kànga pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ̀. Munirat, olóúnjẹ wọn, tó gbé oyún oṣù méje, bu omi fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ pé lé e lórí.

"Ọ̀gá tó fọwọ́ sí omi wa rèé! Ẹ gbà, ẹ mu."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Ìrìn ọjọ́ méjì? Àbí ààwẹ̀ lẹ ń gbà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti Làsísì, ó sì mu ún. Munirat bu tirẹ̀, ó gbé e sẹ́nu. Làsísì ò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbá ife náà dànù.

"Má mu ún! Omi ẹ̀rọ Èkó ni mo yẹ̀ wò! N kò yẹ èyí wò rí!"

Munirat wo ife nílẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "oṣù méjì ni mo ti ń mu ún lórí ọ̀rọ̀ ìwé yín."

6.
Wọ́n yẹ omi náà wò lóòótọ́. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ góòlù, tí Kàsúmù bẹ̀rù, ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti kànga pa, wọ́n pe Kàsúmù padà. Oyún Munirat kò dúró.

Láti Ìkẹjà dé Agége, kò sí ilé àyẹ̀wò tó jẹ́ gba Làsísì mọ́. Omi tútù inú ọ̀rá ló ń tà ní Dópèmú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á ní, "Làsísì, ṣé o ti fọwọ́ sí eléyìí?" Lọ́jọ́ kan, Kàsúmù dúró, ó ra ọ̀kan. Kò mu ún. Ó kàn gbé e dání lọ.

Ìwọ tó ń kà á, ta ni bàtà rẹ̀ ń dán lójú rẹ? Kí o tó da omi rẹ̀ nù, kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń mu ún. Ìlara kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tá àti aláìmọwọ́-mẹsẹ̀. Fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n tún un kà fún ara rẹ ná. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù; wọn ò sọ ohun tí ẹni tó da omi ọ̀rẹ́ rẹ̀ nù yóò tẹ̀. Èyí tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.