Pọ́ǹpù Aago Mẹ́rin

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré!" Obìnrin náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí," oníṣẹ́ iná dáhùn. Ó ń so wáyà mọ́ aago tí yóò máa tan pọ́ǹpù adágún ìwẹ̀ fúnra rẹ̀. "Bó bá tiẹ̀ di aago márùn-ún, omi ò kúkú ní sá lọ."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá mi ló máa ń tàn án láago mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí wọ́n ti ṣaláìsí. Màmá mi wà lókè, wọn ò ríran, àìsàn ọkàn sì ń bá wọn jà. A sọ fún wọn pé ikọ́ ni ò jẹ́ kí bàbá gòkè. Èmi ni mo ń tan pọ́ǹpù kí wọ́n lè rò pé bàbá ni, ṣùgbọ́n ọ̀la ni mo ń padà síbi iṣẹ́."

Oníṣẹ́ iná yára so wáyà tó kù. Ó dè é tán. Aago mẹ́rin lù, pọ́ǹpù dún. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì wọlé.

Fèrèsé òkè ṣí jẹ́jẹ́. "Oníná, ọmọ mi," ohùn arúgbó kan pè é.

"Mà?"

"Bàbá a máa pariwo aago mẹ́rin, àmọ́ wọn ò sọ̀kalẹ̀ rí títí di mẹ́rin àbọ̀. Lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù yìí kọ́kọ́ dún láago mẹ́rin géérégé, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti lọ, mo sì ti sunkún mi tán. Má sọ fún ọmọ mi o, ó ti ṣe wàhálà tó. Ṣáà jẹ́ kó máa pẹ́ díẹ̀, bíi ti bàbá."