Kóòtù Tó Gbó Níbàdí

"Ẹ má fọwọ́ kan ibi tó gbó yẹn o, mà. Ọwọ́ kóòtù náà nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi gé kúrú," ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà wí.

Obìnrin télọ̀ náà, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Harlem, New York, gbé kóòtù ọ̀hún sókè. Ìbàdí ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. "Àbí eku ló bá ẹ jẹ ẹ́?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Fèrè sakisofóònù ló máa ń ha á níbẹ̀. Àwọn olórin jáàsì ló kọ́kọ́ ń múra bí àwa ọmọ yunifásítì. Ní báyìí, àwa là ń wá bá a ṣe máa jọ wọ́n."

"Ẹ ò ríṣẹ́ ṣe."

Télọ̀ náà yí inú aṣọ náà síta. Àpò tóóró kan wà lábẹ́ apá òsì. Òun fúnra rẹ̀ ló rán àpò náà fún ọkọ rẹ̀, kí esùsú pẹlẹbẹ tó ń fi sẹ́nu fèrè sakisofóònù rẹ̀ má baà kán. Oṣù keje rèé tí ọkọ náà ti lọ ṣeré ní Chicago, kò kọ lẹ́tà kankan. Ojoojúmọ́ ni télọ̀ náà ń ṣépè fún obìnrin tó rò pé ó gba ọkọ òun.

"Níbo lo ti rà á?"

"Chicago, mà. Ilé ìwòsàn kan ló ń ta aṣọ àwọn òkú tẹ́nikẹ́ni ò wá gbé."

Télọ̀ náà ò sunkún. "Gbé e wọ̀."

Ó bá a de bọ́tìnnì àárín, ó fi tòkè sílẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń wọ̀ ọ́.

"Jáde síta," ó ní. "Kó o wá ṣílẹ̀kùn, kó o wọlé padà bí ẹni tó ti Chicago dé."